Ta Ni Ó Gbé Ère Náà Padà?

Àwọn àgbà wa ní òwe kan tí ó dùn létí púpọ̀: Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tí ó ké lánàá ni ó pa ọmọ jẹ? Mo ti gbọ́ òwe yìí nínú ìpàdé ẹbí, mo ti gbọ́ ọ lójúde ọba, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí kì í mi orí. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Igbe kan wà, ikú kan wà, òru kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà, kò sí ẹni tí ó bi bàbá rẹ̀ léèrè ibi tí ó wà nígbà tí ara ọmọ ń gbóná. Ìbéèrè ni òwe náà fi parí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò fẹ́ ìdáhùn ni.

Fíìmù kan wà tí òun náà fi ìbéèrè parí, tí ìbéèrè tirẹ̀ sì ń fẹ́ ìdáhùn. Nítorí ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ nípa fíìmù náà ni mo ṣe mú gègé mi lónìí. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wò ó ní ìwòkuwò, mo sì gbà pé ìwòkuwò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán.

Ní ọdún 2009 ni Kúnlé Afọláyan gbé fíìmù náà jáde. The Figurine ni wọ́n pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Araromire sì ni orúkọ rẹ̀ kejì. Kemi Adesoye ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún eré, Yinka Edward ni ó ya àwòrán rẹ̀. Kúnlé kì í ṣe àlejò fún àwa ará ilẹ̀ Ìgbómìnà. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ni ó bí i, ọmọ Agbamu sì ni Adé Love, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé eré Yorùbá kúrò lórí ìtàgé bọ́ sínú sinimá láti ìgbà Àjàní Ògún ní 1976. Nítorí náà, nígbà tí fíìmù yìí dé Ìgbàjà nínú àwo, bí ohun tí ọmọ ilé gbé wálé ni a ṣe gbà á.

Ìtàn náà kò ṣòro í sọ. Ní ayé àtijọ́, abọ́rẹ̀ kan pe òrìṣà obìnrin kan wọ inú ère igi. Ọdún méje ni òrìṣà yìí fi ń fún ènìyàn ní ire. Bí ọdún méje bá pé, ibi a sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jẹ́ agùnbánirọ̀ rí ère náà nínú ojúbọ tí a ti pa tì sínú igbó. Ọ̀kan nínú wọn gbé e. Láti ọjọ́ náà ni ọlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ obìnrin tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn, èkejì sì gbé ìfẹ́ tirẹ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Nígbà tí ọdún méje pé, ọrọ̀ yí padà. Wọ́n ju ère náà nù, ère náà tún padà wá sílé. Nígbẹ̀yìn ni a wá rí i pé ọ̀rẹ́ tí ó gbé ìfẹ́ mì ní ọwọ́ nínú ìpadàbọ̀ ère náà. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ tó? Fíìmù náà kò sọ. Ó kàn kọ ìbéèrè sójú àwòrán, ó bi òǹwòran ohun tí òun alára gbà gbọ́, ó sì parí.

Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì gún régé, ju ohun tí a ti mọ̀ mọ àwọn fídíò orí àtẹ lọ. Ní ọdún 2010 ó gba àmì ẹ̀yẹ márùn-ún níbi ayẹyẹ Africa Movie Academy Awards, àmì ẹ̀yẹ fíìmù tí ó dára jù lọ sì wà nínú wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé tilẹ̀ ti kọ odidi ìwé lé e lórí, èyí tí ó jáde ní 2014. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò àwọn ọ̀mọ̀wé ni mo fẹ́ bá jà. Èrò àwọn ará ilé mi ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, a kó ara wa jọ sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìgbàjà, a tan jẹnẹrétọ̀, a sì wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbàjà kì í ṣe ìlú tí a kò ti mọ ìwé. Láti 1941 ni àwọn ajíhìnrere ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó di ti ìjọ ECWA lẹ́yìn náà. Bí fíìmù ti parí ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìwàásù ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí? Ẹni tí ó bá gbé òrìṣà wọlé, ègún ni ó gbé wọlé." Àgbàlagbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe ṣeré dá a lóhùn pé, "Irọ́ ni. Wọn kò bọ ọ́ ni ó fi bínú. Bí wọ́n bá mọ ohun tí ó ń jẹ, kì bá tí bà wọ́n jẹ́." Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀ rárá, pé èèṣì àti ìlara ni, pé ojú òpè ni ó ń rí òrìṣà nínú igi gbígbẹ. Ọkùnrin kẹrin wá bínú. Ó ní àwòrán tí ó mọ́ tó báyìí, kí wọ́n má lè fi ìparí sí i. Kí wọ́n sọ ẹni tí ó ṣe é fún wa, kí olúkúlùkù lọ sí ilé rẹ̀.

Ìyá arúgbó kan nínú agbo ilé wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìtàn náà kò yé e.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń bínú pé fíìmù kò ní ìparí. Ohun tí ó ń béèrè ni kí olùdarí bá a ronú. Àwa tí a ti ka Fágúnwà kò gbọdọ̀ jẹ́ irú òǹwòran bẹ́ẹ̀. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń wọ inú igbó iwin tí a sì ń jáde pẹ̀lú ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Kò sí olùkọ́ tí ó ní kí a fi ẹ̀rí hàn pé iwin wà tàbí pé kò sí. Ohun tí wọ́n bi wá ni ìwà tí àwọn ọdẹ náà hù níbẹ̀. Fíìmù yìí bi wá ní ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n a ti di ẹni tí ń fẹ́ kí a pe orúkọ ọ̀daràn kí iná tó kú.

Ẹ wá wo oníwàásù àti oníṣẹ̀ṣe. Ní ojú ayé, ọ̀tá ni wọ́n. Ọ̀kan ní kí a sun ère, èkejì ní kí a bọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ: ère náà ni ó ṣe é. Àwọn méjèèjì wo ọ̀rẹ́ tí ó kó ibi sínú fún ọdún méje, wọ́n sì jẹ́ kí ó kọjá lọ láìbi í léèrè. Àwọn àgbà tí ó ní ẹ̀hìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé, kò sọ pé inú igbó ni ó ń gbé. Kí ni ìwàásù yóò jẹ́ fún mi, kí ni ètùtù yóò jẹ́ fún mi, bí méjèèjì bá ń dá ènìyàn láre kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀?

Ti olùkọ́ fẹ̀yìntì nìkan ni ó kù. Ó sún mọ́ òótọ́ ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n èmi kò lè bá a dé òpin. Ẹni tí ó bá sọ fún mi pé igi tàbí òkúta gbígbẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan, n ó mú un lọ sí Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níhìn-ín. Àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin àti obìnrin, èyí tí ó jókòó lórí àpótí, èyí tí ó di ohun ìjà mú. Ìtàn ẹnu ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, kí wọ́n tó di òkúta. Ní 1933 ni òyìnbó kan tí ń bẹ àwọn ilé ìwé wò jẹ́ kí àwọn ará òde gbọ́ nípa wọn; ní 1945 ni a fi ilé bò wọ́n, ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá fi ojú oníṣọ̀nà wò wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn. Síbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún wọn. Ère kò rìn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ère mú ọ̀pọ̀ ènìyàn rìn wá. Agbára nìyẹn. Ayé àìrí ń ṣiṣẹ́ nínú ayé tí a fojú rí, ṣùgbọ́n nípa ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwa ènìyàn ni ó fi ń ṣe é. Àwọn tí ó ní bí ènìyàn kò sí, imalẹ̀ kò sí, wọ́n ti sọ ọ́ tán kí èmi tó dé.

Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ olùkọ́ náà ni pé ó ju ayé àìrí nù bí ẹni pé ohun tí ènìyàn ń rò kì í pa ènìyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni pé wọ́n fi ayé àìrí bo ọwọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa kò ṣe èyí, wọn kò sì ṣe tọ̀hún.

Mo rí ẹ̀rí èyí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwa Ìgbómìnà ni a ni egúngún Ẹléwe, ẹ sì mọ bí ó ṣe ń jó. Bí Ẹléwe bá jáde, ará ọ̀run ni. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ dárúkọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ, bí ó tilẹ̀ dá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Bí obìnrin mọ awo, kò gbọdọ̀ wí. Ní ọdún kan, egúngún kan tí ó tẹ̀ lé àwọn ọmọdé kiri na ọmọkùnrin kan ní pàṣán títí apá ọmọ náà fi yẹ̀. Ní ojú agbo, gbogbo ènìyàn dọ̀bálẹ̀ fún ará ọ̀run, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ní òru ọjọ́ náà, àwọn àgbà ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan láti agbo ilé kejì. Wọn kò pe ará ọ̀run. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n fi pè é, òun náà ni ó sì san owó ẹni tí ó to apá ọmọ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ará ọ̀run tún jáde, a tún dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ẹ kíyè sí i bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọn kò ní kí a má pe egúngún ní ará ọ̀run mọ́. Wọn kò sì ní nítorí pé ará ọ̀run ni, kí ẹni tí ó na ọmọ lọ láìjìyà. Wọ́n di ayé méjèèjì mú, wọ́n sì mọ èyí tí wọn yóò ránṣẹ́ pè lóru. Ọgbọ́n yìí ni fíìmù Afọláyan ń béèrè lọ́wọ́ òǹwòran rẹ̀, ọgbọ́n náà sì ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Báwo ni ó ṣe bọ́? Fíìmù wà lára ohun tí ó gbà á. Nígbà tí Ọ̀gá wa Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979, tí ó fi adáhunṣe kojú àwọn àjẹ́, àwọn òǹwòran rò pé ìròyìn ni àwọn ń wò. Living in Bondage jáde ní 1992, láti ìgbà náà ni owó òògùn kò ti kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n wa. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, kò sí iyèméjì: a ń fi àjẹ́ hàn wá níbi tí wọ́n gbé ń ṣe ìpàdé, a sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó kú. Òǹwòran di ẹlẹ́rìí ohun tí kò sí ènìyàn tí ojú rẹ̀ rí i rí. Fíìmù End of the Wicked ti 1999 fi àwọn ọmọdé hàn bí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ń fi òru jẹ àwọn òbí wọn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé sì fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n máa lé àwọn ọmọ kékeré jáde nílé ní agbègbè Akwa Ibom. Ní 2008 ni ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó sọ pípe ọmọdé ní àjẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tilẹ̀ ti ní abala 210 tipẹ́, èyí tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Òfin wà nínú ìwé, fídíò wà ní pálọ̀. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí àwọn ènìyàn wa ń wò.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Eré ni eré, kí ni ó kan ikú ènìyàn?" Mo fẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú ohun tí ojú mi rí, bí kò tilẹ̀ yẹ mí.

Ní àsìkò òjò ọdún tí ó tẹ̀ lé èyí tí a wo fíìmù náà, ibà ṣe ọmọ ọdún mẹ́rin kan nínú agbo ilé wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ fún bàbá rẹ̀ kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní kò sí owó. Taya ọ̀kadà rẹ̀ kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan tí ó rà á. Ọmọ náà kú ní ìdájí ọjọ́ kẹrin. Nígbà tí ẹbí jókòó, ẹnìkan rántí pé ìyá arúgbó wa ti fún ọmọ náà ní àkàrà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú àìsàn rẹ̀. Pálọ̀ dákẹ́. Ni ọkùnrin kan bá fa òwe náà yọ: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Òun kan náà ni ó bínú pé fíìmù kò ní ìparí. Ní ọjọ́ náà, ó fi ìparí sí tiwa.

Wọn kò lù ú. A máa ń fi ìyẹn tu ara wa nínú. Wọ́n kàn ní kí ó lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìlọrin fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi tí mo ti yunifásítì dé, èmi tí mo mọ ohun tí ẹ̀fọn ń ṣe. N kò la ẹnu. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kò pé ọdún kan tí ó fi kú ní ìlú onílùú. A gbé òkú rẹ̀ wá sílé, a rán aṣọ ẹbí, a pa màlúù. Bàbá ọmọ náà wà lára àwọn tí ó gbé pósí.

Èmi kò sọ pé fíìmù kan ni ó lé ìyá náà jáde. Ohun tí mo sọ ni pé bí a ṣe wo fíìmù ní ọjọ́ Àìkú ni a ṣe wo ikú ọmọ náà ní ọjọ́ ìpàdé. Ní ọjọ́ Àìkú, a wá òrìṣà, a kò wo ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ ìpàdé, a wá àjẹ́, a kò wo bàbá ọmọ, a kò wo taya ọ̀kadà, a kò wo omi adágún tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ìdánwò ni fíìmù náà ṣe fún wa, nínú pálọ̀ tí ó tura, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kú. Gbogbo wa ni a feèlì, àyàfi ẹnì kan. Ẹnì kan náà ni a lé.

Bí ẹ bá bi mí bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí, n ó sọ fún yín pé ìbéèrè yẹn lè dúró. Àwọn tí ó gbọ́n jù mí lọ ti ń jiyàn lé e lórí kí a tó bí mi. Èyí tí kò lè dúró ni pé, ta ni yóò jíhìn? Ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn kò ní lè fi ẹ̀rí hàn pé òun sùn lóru. Ṣùgbọ́n a lè bi bàbá léèrè owó, a lè bi ìjọba léèrè ilé ìwòsàn, a lè bi ọ̀rẹ́ léèrè ohun tí ó kó sínú láti ọdún méje. Ìwọ̀nyí ni ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn, àwọn gan-an ni a sì ń sá fún.

Mo ṣì ní àwo fíìmù náà. Nígbà mìíràn, bí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wá fún ọlidé, mo máa ń fi í hàn wọ́n. Nígbà tí ó bá parí, tí ìbéèrè bá hàn lójú àwòrán, wọn a yíjú sí mi pé, "Bàbá, òrìṣà ni àbí ènìyàn?" N kì í dá wọn lóhùn. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni?" Mo sì máa ń sọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ mi ní ìbéèrè náà fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó ń dárúkọ rẹ̀ ní agbo ilé wa mọ́.